Etí Kejì Nínú Ikùn Bàálù

Òkú Káfíńtà wà láàárín pápá. Bàálù ìṣeré tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ló pa á. Abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù náà ti ṣẹ́, òórùn pẹtiróòlù sì gba gbogbo ibẹ̀ kan.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sínú koríko. Ó di rímóòtù mú, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

"Mà, ṣé èmi ni mo pa bàbá mi?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó wá ṣèwádìí, obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun, lóṣòó níwájú rẹ̀. "Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi."

"Bàbá mi ló máa ń wà á. Òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n gba rímóòtù. Bàálù dá òkìtì mẹ́ta lójú sánmà, ó ń gbọ́ tèmi. Àfi bó ṣe di pé kò gbọ́ mọ́. Ó dojú kọ bàbá mi, ó ń pariwo títí tó fi kọlù wọ́n."

"Ẹ́ńjìnnì ò kú?"

"Kò kú, Mà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tò ó pé bí kò bá gbọ́ rímóòtù mọ́, kó kú fúnra ẹ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ dìde dúró. Bí ẹ́ńjìnnì ò bá kú, a jẹ́ pé bàálù ṣì ń gbọ́ ti ẹnì kan. Ó wo igbó tó yí pápá ká. Ẹ̀rù bà á gan-an.

Ó ṣí téèpù tí wọ́n fi lẹ ìdérí ikùn bàálù. Wọ́n ti ká ẹnu téèpù náà díẹ̀, kí ìka lè tètè rí i dì mú. Nínú lọ́hùn-ún, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ rímóòtù, èyí tí Káfíńtà ń pè ní etí, jẹ́ méjì.

"Etí mélòó ni bàbá ẹ fi sí i?"

"Ẹyọ kan ṣoṣo, Mà."

Ẹni méjì ni kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n wà nígbà tí bàálù kọlu Káfíńtà. Ọ̀kan ni Má-Nájà, tó ń ta bàálù olówó iyebíye. Láti ìgbà tí Káfíńtà ti ń kan èyí tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà, eṣinṣin ló kù tó ń bẹ ṣọ́ọ̀bù Má-Nájà wò. Ìkejì ni àbúrò Káfíńtà, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àti àwọn ọlọ́pàá kó àwọn méjèèjì àti ọmọ náà jọ sí ilé iṣẹ́ Káfíńtà.

"Lóòótọ́, mi ò fẹ́ràn ẹ̀," Má-Nájà ní, òógùn bò ó. "Ṣùgbọ́n kí n pa èèyàn torí bàálù ìṣeré? Ẹ jọ̀ọ́!"

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ bi àbúrò.

"Mi ò ṣí ikùn bàálù yẹn rí," àbúrò dáhùn. Ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ gbé téèpù àti ìdérí ikùn bàálù sórí tábìlì. "Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá mi lẹ ìdérí yìí."

Má-Nájà lẹ tirẹ̀ pẹlẹbẹ. Àbúrò lẹ tirẹ̀. Kó tó mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ká ẹnu téèpù. Ọmọ náà lẹ tirẹ̀, òun náà ká a. Ìgbà tó rí ohun tó ṣe, ó figbe ta.

"Yéè! Èmi náà ká a!"

"Fọkàn balẹ̀," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ sọ fún un. "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n rímóòtù ti wà lọ́wọ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Kí lo máa fi etí kejì ṣe?"

Gbogbo ojú yí sí àbúrò. Ọlọ́pàá kan fa rímóòtù mìíràn yọ nínú àpò àbúrò náà. Àbúrò jókòó sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń ha igi ìyẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ òun ló máa jogún ilé iṣẹ́. Mo fi etí kejì sí i, mo sá pamọ́ sínú igbó. Mo rò pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni rímóòtù wà. Wọn ì bá ní òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ pa ara ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yìí ló dì í mú."

Ọmọ náà ń wo téèpù. "Bàbá Kékeré, ta ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká a?"

"Èmi ni." Ó wo ọwọ́ ọmọ náà. "Ọmọ ọdún márùn-ún ni ẹ́ nígbà náà. Èékánná ẹ kéré, kì í rí ẹnu téèpù ṣí. Torí ẹ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ká a."

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó gbé rímóòtù sílẹ̀.