Ohun Tí Mùhúdíìnì Kò Bi Ọmọ Rẹ̀

Mùhúdíìnì, ọmọ Ṣakí tó ń ta aṣọ ní ọjà Ndokoti ní ìlú Douala, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, a máa fi Yorùbá ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Juwairiyyah, ọmọ náà, sí. Ó máa ń pe àgbà ní "o" dípò "ẹ". Ṣùgbọ́n Faransé bàbá náà kò kọjá ká nájà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù dé ìsọ̀ rẹ̀.

"Monsieur, écosystème digital intelligent! Solution intégrée!"

Mùhúdíìnì kò gbọ́ ọ̀kan nínú Faransé ràbàtà náà. Àmọ́ Labeebah, aránṣọ tó wà nítòsí, ń wò wọ́n, àgbà ò sì fẹ́ tẹ́. Ló bá ń mi orí bí alángbá. "Oui, oui." Ó sanwó, ọkùnrin náà sì tẹ nǹkan kan sórí fóònù rẹ̀.

"Ìwọ náà ṣe é, Labeebah. Nǹkan ńlá ni."

"Tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, Bàbá Juwairiyyah, ó dáa. Owó tí mo fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ ni màá fún un ní Jímọ̀."

Láàárọ̀ Jímọ̀, Juwairiyyah wo fóònù bàbá rẹ̀.

"Bàbá, WhatsApp lásán nìyí, pẹ̀lú fọ́tò aṣọ. C'est tout, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi lè ṣe é, gratuit, lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Lọ́jọ́ mìíràn, bàbá ì bá ti bá a wí nítorí "o" yẹn. Lọ́jọ́ yìí, ojú tì í débi pé kò lè wo ojú ọmọ náà. Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ Labeebah ńkọ́?

Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó mú Juwairiyyah dání lọ sí ìsọ̀ Labeebah. Ọ̀dọ́mọkùnrin oníkóòtù náà ti dé, Labeebah sì ti ń tú owó nínú ìbòrí rẹ̀.

"Labeebah, dúró. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ọkùnrin yìí sọ lọ́jọ́sí. Ojú ló ń tì mí láti béèrè."

"Ẹ ò gbọ́ ọ, ẹ wá ní kí n sanwó?"

Mùhúdíìnì yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Bá mi bi í. Gbogbo ohun tí mi ò béèrè, bi í."

Juwairiyyah ò tíì fi Faransé bi í ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tí ọkùnrin náà fi palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, tó sì bá tirẹ̀ lọ láìdáhùn. Labeebah di owó rẹ̀ padà. Kò kí Mùhúdíìnì pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹnikẹ́ni bá fi orúkọ ràbàtà pe iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kó sọ ọ́ lédè tó yé yín. Kí ni yóò ṣe gan-an? Ṣé a kì í rí i lọ́fẹ̀ẹ́? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ má sanwó, ẹ má sì júwe ohun tí ò yé yín fún ẹlòmíì. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ọmọ yín bá gbọ́ èdè tí ẹ ò gbọ́, ẹ bi í, kó tó di pé ẹ̀ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aládùúgbò yín.