Yìgì Tí Kò Sí Lórí Ìtàgé

Raheemah gun orí àga onígi kan níwájú gbọ̀ngàn ìlú ní Òkè-Àgbò, híjáàbù aláwọ̀ aró ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi bírò kọ nǹkan sára pósítà tí kì í ṣe tiẹ̀. Bí Hafeez ṣe kọ́kọ́ rí i nìyẹn, ó sì gbàgbé ibi tó ń lọ.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, kí ni pósítà yẹn fi ṣe yín?"

"Wọ́n ní eré olórin ń bọ̀ ní Sátidé tó máa kẹ́yìn oṣù tó ń bọ̀, wọn ò kọ aago," ni ó dáhùn láìwẹ̀yìn. "Ṣé ká wá sùn síbí dè wọ́n ni? Ẹni tó kọ ọ́ ò ronú."

"Èmi ni mo kọ ọ́. Aago mẹ́rin ni."

Ó wẹ̀yìn wàyí. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. "Mẹ́rin kẹ̀? Àwọn ará Atikori máa kírun Alásárì kí wọ́n tó wá. Mo ti kọ márùn-ún."

Ẹ̀rín pa Hafeez. Ọmọ Iwopin ni, tíṣà ni ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré ló sì ń kó jọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Télọ̀ ni Raheemah ní Atikori. Bàbá rẹ̀, Alfa Nọ́fíù, ni gbogbo àdúgbò ń pè tí wọ́n bá fẹ́ so yìgì fún ọkọ àti ìyàwó.

Raheemah lọ wo rìhásà wọn lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti yí aago padà. Wọ́n ní kó bá wọn gbe orin. Nígbà tó máa dákẹ́, òun ni ìyàwó inú eré.

Láti ọjọ́ náà, Hafeez ló ń sìn ín dé ibi tó ti ń wọ ọ̀kadà. "Ó dàbọ̀, Aago Márùn-ún," ni yóò wí. "Ó dàbọ̀, Ọ̀gá Pósítà," ni Raheemah yóò fi dá a lóhùn. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ kí àwọn méjèèjì tó sọ ọ́ fún ara wọn.

Àṣìṣe Hafeez ni pé ó fẹ́ kí eré jọ òótọ́ jù. Yìgì ni ìran tó kẹ́yìn, orúkọ gidi oníkálukú ló sì kọ sínú rẹ̀. Kingsley, ọmọ kátíkíìsì, ló ń ṣe ọkọ ìyàwó. Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ṣe alfa wé láwàní, ó bi Kingsley bóyá ó gba Raheemah ọmọ Nọ́fíù ní aya. Kingsley ní òun gbà á, ariwo ayọ̀ sì sọ.

Ìyá Nimotalahi, aládùúgbò Alfa, ń kọjá lọ. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì forí lé Atikori. "Alfa, ẹ kú oríire o! Ẹ so yìgì Raheemah, ẹ ò tiẹ̀ pè wá!"

Alfa ò pariwo. Ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó. "Raheemah, ọn kì í fi yìgì ṣeré. Àwàdà rẹ̀ gan-an, òótọ́ ni. Mi ò sí ńbẹ̀, mi ò sì yọ̀ǹda rẹ, nítorí náà kò so. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ mọ́."

Eré ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Raheemah sunkún fún Hafeez lórí fóònù, kì í sì í ṣe nítorí orin nìkan. Bí bàbá òun bá kọ eré, ìgbà wo ló máa wá gba ẹni tó ń darí eré ní àna?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Hafeez lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Alfa nílé rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni sà. Kì í ṣe tirẹ̀."

"Ọn ní ìran yìgì yẹn ni ará ìlú ń dúró dè."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Òun ló wà lára pósítà."

"Tí mo bá ní kó o yọ ọ́ ńkọ́?"

Oṣù méjì ni wọ́n ti ń kọ́ ìran náà. Hafeez fa ìwé eré jáde, ó ya ojú ìwé tó kẹ́yìn, ó sì gbé e síwájú Alfa. "Mo ti yọ ọ́ sà."

"O ò tiẹ̀ jiyàn."

"Ohun tí mò ń wá nínú ilé yìí ju ìran kan lọ, sà."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Sísọ́ọ̀sì tí Raheemah fi ń gé aṣọ já bọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Alfa gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gbọ́ sísọ́ọ̀sì, ó sì ká bébà náà jẹ́ẹ́.

"Kó lọ kọrin rẹ̀," ni ó wí. "Èmi náà á wá wò ó."

Kingsley ló kérora jù. "Ìyàwó tí mo fẹ́ tán, ẹ tún gbà á lọ́wọ́ mi!"

Lọ́jọ́ Sátidé náà, aago márùn-ún lù, Alfa sì wà ní ìlà iwájú. Nígbà tí eré ń parí lọ, ọkọ ìyàwó ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àna rẹ̀, ohùn Raheemah nìkan sì ń jáde láti inú ilé. Wọ́n paná. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde pàtẹ́wọ́.

Alfa dúró de Hafeez lábẹ́ pósítà. Raheemah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Eré yín ò parí," ni Alfa wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Alfa yọ bébà tí Hafeez ya lápò. "Mo ka èyí. Ó dáa. Ibì kan ṣoṣo ni kò tọ́." Ó mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ lórí "Kingsley", ó sì kọ "Hafeez" sókè rẹ̀. "Sọ fún àwọn ará ilé rẹ ní Iwopin kí wọ́n wá rí mi lọ́jọ́ Àìkú."

Hafeez dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. Raheemah na ọwọ́ sí bírò bàbá rẹ̀, omijé àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú rẹ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ ò kọ aago."