Ìtẹ̀ka Bàbá Adékọ̀yà

Ìdí tábìlì ilé ìdáná ni Túndùn jókòó sí ní ọ̀sán Sátidé yẹn, tó ń fi báírò kun àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó kùn ún títí ó fi dúdú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ tán, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i kó lè tètè gbẹ. Ó gbé ìwé náà sókè, ó wò ó dáadáa. Ó jọ ìtẹ̀ka àgbàlagbà lójú tirẹ̀. Ó sáré mú ọṣẹ, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó ti ilé ìwòsàn ojú dé.

Òpìtàn ni bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúsọjí. Kì í ṣe irú òpìtàn tó máa ń jókòó sí yàrá ìkàwé o. Ọdún méjìdínlógún ló fi ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹranko kan tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹlòmíràn ń ka erin àti ìnàkí níbẹ̀. Òun ń wá àwọn arúgbó tó ti gbé orí ilẹ̀ náà kí erin tó di ti ìjọba. Ó ń sùn sí abúlé wọn, ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí kànga wọn wà àti ibi tí wọ́n sin àwọn baba wọn sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó wá sí Barnawa ní ìlú Kaduna, ó sì gbájú mọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ aṣọ Kakuri láyé àtijọ́. Ó ní iléeṣẹ́ ti kógbá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sára ògiri gbọ̀ngàn ìjọ wọn, kí gbogbo ará àdúgbò lè wá kà á.

Olúsọjí ní òfin kan tí kò fi ṣeré. Bó bá ti gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan sílẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé, yóò padà lọ bá onítọ̀hún, yóò sì kà á sí i létí láti òkè délẹ̀. Bí ẹni náà bá ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe wí i, yóò tẹ̀ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún Túndùn pé ọ̀rọ̀ tí a kò bá kà padà fún ẹni tó sọ ọ́ kì í ṣe ìtàn, àhesọ ni.

Ojú rẹ̀ ló wá da iṣẹ́ rú. Ó ti di bàìbàì débi pé kò lè dá gun kẹ̀kẹ́ Márúwá mọ́. Túndùn nìkan ni ọmọ tó bí, ó sì wà ní kíláàsì kejì sí àṣekágbá ní girama, ó mọ̀wé, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Olúsọjí fún un ní rẹ́kọ́dà kékeré tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì rán an sí Bàbá Adékọ̀yà ní Kakuri fún Sátidé mẹ́rin.

Bàbá yìí ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìjẹ̀bú ló ti wá, ó sì fi ọgbọ̀n ọdún hun aṣọ ní Kakuri. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Dinah, tó ń ṣe olùkọ́ ní Zaria. Ìyá Dinah kú ní ọjọ́ kẹta tó bí i. Ladi ni orúkọ obìnrin náà, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aṣọ lòun náà, àwọn ẹbí rẹ̀ sì kọ̀ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ Yorùbá. Gbogbo ohun tí Dinah mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ nìyẹn. Kò mọ ìlú rẹ̀, kò mọ ẹbí rẹ̀ kankan. Ìgbàkígbà tó bá béèrè, bàbá rẹ̀ á dìde kúrò níjòókòó, á lọ máa fọ ojú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Túndùn lọ ní Sátidé àkọ́kọ́, kò purọ́ ìyẹn. Bàbá Adékọ̀yà sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìhunṣọ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó sọ bí òwú ṣe ń kún imú wọn àti bí ariwo ẹ̀rọ ṣe dí òun ní etí kan. Túndùn ń yán lábẹ́ ọwọ́. Kó tó kúrò, bàbá náà ní kó rí i dájú pé ó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí pé òun fẹ́ sọ ti ìyá Dinah.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Morọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Kamazou, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọbìnrin jọ láti kọ́ ijó tí wọ́n máa jó níbi àríyá ìdágbére iléèwé. Sátidé ni wọ́n ń pàdé. Morọ́láyọ̀ bi í pé ta ló máa mọ̀ bí kò bá lọ sí Kakuri, àti pé kí ni àwọn arúgbó yẹn tún ń sọ tó ju ọ̀rọ̀ kan náà lọ. Túndùn rò ó pé òun á lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, ijó ti wọ̀ ọ́ lára. Bó ṣe di Sátidé mẹ́ta nìyẹn.

Bàbá rẹ̀ ń retí ìwé, Túndùn sì kọ ìwé. Ó gba orí lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì fi orí náà ṣe ohun tí kò yẹ. Ó kọ ọ́ pé níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń bu omi mu ni Adékọ̀yà ti rí Ladi, pé obìnrin náà máa ń kọrin nídìí ẹ̀rọ, pé ọmọ Kagoro ni. Ìdí tó fi mú Kagoro kò ju pé ibẹ̀ ni Patience, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ti wá, tó sì máa ń yin òkè ibẹ̀ ṣáá. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé Bàbá Adékọ̀yà kò fẹ́ kí ẹ̀rọ gba ọ̀rọ̀ ìyàwó òun sílẹ̀, ọwọ́ lòun fi kọ ọ́, òun ti kà á padà fún un, ó sì ti tẹ̀ka. Olúsọjí fi ìka tọ ibi tí báírò wà, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Bàbá Adékọ̀yà sùn, kò jí.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n ṣí àfihàn àwọn ìwé náà ní gbọ̀ngàn ìjọ. Dinah wá láti Zaria. Ó dúró níwájú ìwé bàbá rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ìtẹ̀ka ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó sì fi ẹnu kò ó. Ó dì mọ́ Túndùn, ó ń súre fún un pé ó fún òun ní ìyá. Ó yẹ kí Túndùn jẹ́wọ́ níbẹ̀, àmọ́ ojú ènìyàn pọ̀, bàbá rẹ̀ sì ń dunnú.

Ẹ mọ̀ pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, Dinah wá sí Barnawa lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè kan. Ó ti rù. Túndùn gbé omi fún un, ó sì fẹ́ yẹra, àmọ́ Olúsọjí ní kó jókòó.

"Bàbá Túndùn," ni Dinah wí, "ẹ̀rọ tó gba ohùn bàbá mi sílẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ wá. Mo ti lọ sí Kagoro lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbà mí dáadáa, wọ́n mú mi kiri ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó. Kò sẹ́ni tó mọ Ladi kankan tó fẹ́ Yorùbá ní Kakuri. Lọ́jọ́bọ̀, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ, bóyá ẹnì kan á rí ojú ìyá mi lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá mi."

Olúsọjí ṣàlàyé pé kò sí ohùn, pé bàbá náà ló kọ ẹ̀rọ. Dinah mi orí.

"Haba, sà. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí lórí fóònù. Ó ní ẹ̀rọ lòun fẹ́ sọ ọ́ fún, torí pé ẹ̀rọ ò lójú tó máa fi wo ẹni tó ń sunkún."

Olúsọjí yí ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ sí ibi tó gbúròó ọmọ rẹ̀. "Túndùn, ṣé o kà á padà fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ti wà létè Túndùn. Àmọ́ Dinah ti fa fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó gbé e lé itan, àwọn ọmọ náà sì wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi wọn nínú rẹ̀. Túndùn kúnlẹ̀.

"Mi ò lọ, Dádì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo lọ. Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀ láti inú orí mi. Àǹtí Dinah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Kagoro mọ́."

"Ìtẹ̀ka ńkọ́?" ni Dinah béèrè, bí ẹni pé ìtẹ̀ka yẹn nìkan ló kù fún un.

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Dinah ń wo ọwọ́ Túndùn. Ó ní ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, bó ti wù kó kéré tó, òun fẹ́ gbọ́ ọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi gbọ́ ọ̀rọ̀ òwú àti ẹ̀rọ. Ní ìparí, ohùn arúgbó náà rọlẹ̀, ó ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá sọ ti ìyá Dinah. Má pẹ́ o, ọmọ mi." Dinah bo ojú rẹ̀. Ó dìde, ó kí Olúsọjí, ó sì lọ. Kò wo ẹ̀yìn.

Olúsọjí kò na Túndùn, kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kó fa òun lọ́wọ́ lọ sí Kakuri láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò olóògbé. Mubashir, aránṣọ ọmọ Ìlọrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé náà, sọ fún wọn pé Sátidé mẹ́ta ni Bàbá wẹ̀, tó dé fìlà, tó gbé àga méjì síta láti àárọ̀.

"Mo ní kí wọ́n wọlé, oòrùn ń pa wọ́n," ni Mubashir wí. "Wallahi, wọ́n ní ọmọ òpìtàn kì í yẹ àdéhùn."

Olúsọjí bú sẹ́kún láàárín títì. Túndùn kò tíì rí i kó sunkún rí. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n palẹ̀ gbogbo àfihàn náà mọ́, nítorí pé àwọn mìíràn ti ń béèrè bóyá òótọ́ ni tiwọn. Orúkọ rere tí Olúsọjí fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ bàjẹ́ lójú rẹ̀ tó ti fọ́.

Túndùn kò dé ibi ijó mọ́. Sátidé gbogbo ló ń lọ sí Kakuri, ó ń wá ẹni tó mọ Ladi. Arúgbó kan ní ó pupa, òmíràn ní ó dúdú bí kóró iṣin. Ẹnì kan ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ kò rántí ìlú rẹ̀. Túndùn ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí i, ó ń kà á padà fún wọn, wọ́n ń tẹ̀ka.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí a pa mọ́ alààyè, alààyè lè dìde kó jà. Èyí tí a pa mọ́ òkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa rù ú kiri. Iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín sí àgbàlagbà, ẹ tètè jẹ́ ẹ, torí pé àgbàlagbà kò ní Sátidé púpọ̀ lọ́wọ́. Dinah ti dárí ji Túndùn, ó kọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí i. Àmọ́ títí di òní, kò mọ ìlú tí ìyá rẹ̀ ti wá.