Òkúta Odò Nínú Ilé Ooru

Hezekiah fi èjìká ti pákó náà mọ́ ara ògiri, ó sì dì í mú gírígírí títí Bùsàrí káfíńtà fi kan ìṣó tó kẹ́yìn mọ́ ọn. Ilé kékeré náà ti dúró báyìí ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Orozo. Igi àfàrà ni gbogbo ara rẹ̀, páìpù èéfín sì yọ lókè rẹ̀ bí ọrùn ògòǹgò.

"Kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kì í ṣe ilé adìyẹ," ni Rachael, ìyá Hezekiah, wí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. "Àwọn ará àdúgbò ń bi mí, mi ò sì mọ èsì tí màá fún wọn."

Titus, bàbá Hezekiah, rẹ́rìn-ín. "Sọ fún wọn pé sáúnà ni. Ilé ooru."

"Ilé ooru, ní ìlú tí oòrùn ti ń dín èèyàn bí àkàrà? Dádì Hezekiah, ẹ kú ọgbọ́n."

Ọyẹ́ ló ń fẹ́ nígbà náà, ọ̀rọ̀ Rachael ò sì dun ọkọ rẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ilé yìí ti wà lọ́kàn Titus. Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilẹ̀ Finland, níbi tí òtútù ti ń géni jẹ bí ajá. Baálé ilé tó gbà á sílé a máa mú un wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Wọn á dáná sí àdògán onírin, wọn á to òkúta lé e, bí òkúta bá gbóná tán, wọn á bu omi sí i. Ooru á gbalé kan, òógùn á bo èèyàn, ara á sì fúyẹ́. Ọjọ́ tí Titus kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní Kabba ló rántí. Bí ibà bá mú un ní kékeré, ìyá náà a gbé ìkòkò àgbo gbígbóná síwájú rẹ̀, a sì fi aṣọ bò ó mọ́ ọn lórí. Ìgbà yẹn ló ti pinnu pé bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun á kọ́ ọ̀kan sílé.

Kò fi wàdùwàdù ṣe é. Ẹnì kan ní Wuse fi èyí tó ń lo iná mànàmáná hàn án, ó ní rárá, nítorí iná lè lọ kí ìdí òun tó kan ìjókòó. Ó yan àfàrà dípò ìrókò, ó ní àfàrà kì í tètè jóni lára. Ó fi ilé náà jìnnà sí ọgbà àti okùn tí Rachael ń sá aṣọ sí, kí atẹ́gùn lè gbé èéfín lọ. Òkúta nìkan ló kù.

"Hezekiah," ni bàbá rẹ̀ pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "lọ́la, wàá lọ sí Bwari. Sàkáríyà, àbúrò Bùsàrí, ń fọ́ òkúta lára àpáta níbẹ̀, mo ti bá a sọ ọ́. Òkúta dúdú tó wúwo ni kó fún ẹ. Má ṣa òkúta odò wá fún mi o. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára fóònù. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń ṣètò láti pàdé létí adágún Jabi lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá yọjú, kó lọ mu ọmú ìyá rẹ̀.

Láàárọ̀, ó bá Fuad, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní ìyànà. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Bwari? Kai, Hezekiah. Kí o tó dé Nyanya, kí o tó já sí Kubwa, kí o tó dé Bwari, kí o tó tún padà, adágún ti parí nìyẹn. Ṣebí òkúta ni bàbá rẹ ń wá? Odò ẹ̀yìn ilé wa ti gbẹ, òkúta ló kún inú rẹ̀. Òkúta kì í ṣe màlúù tí èèyàn á mọ ibi tó ti jẹko."

Hezekiah rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọ̀nà, ó wo fóònù rẹ̀, ó sì tẹ̀lé Fuad. Inú kòtò odò náà tí omi díẹ̀ ṣẹ́kù sí ni wọ́n ti ṣa òkúta. Wọ́n yan èyí tó dúdú tí ara rẹ̀ rí págunpàgun, kí ó lè jọ èyí tí wọ́n fọ́ lára àpáta. Wọ́n sá a sí oòrùn lẹ́yìn ilé àwọn Fuad, wọ́n sì gba Jabi lọ.

Adágún dùn. Ọkọ̀ ojú omi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hezekiah gbé àpò òkúta wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá rẹ̀ sì sọ pé, "O kú iṣẹ́, ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ," àdúrà náà gún un bí ẹ̀gún. Òun fúnra rẹ̀ ló to òkúta náà sórí àdògán. Ó kó àwọn tó rí roboto sí ìsàlẹ̀, ó fi àwọn tó rí págunpàgun bò wọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ wọ ilé náà, Alàgbà Nehemiah, ọ̀rẹ́ Titus láti ibi iṣẹ́, wá bá wọn yọ̀. Bùsàrí wá, Fuad náà sì wá. Iná ti ń jó nínú àdògán, èéfín sì ń lọ sókè ní jẹ́ẹ́jẹ́. Hadassah, àbúrò Hezekiah tó jẹ́ àbíkẹ́yìn ilé, di igbá kékeré mú, nítorí bàbá wọn ti ṣèlérí pé òun ló máa kọ́kọ́ bu omi sórí òkúta.

"Kí ló dé tí o fi rán ọmọ dé Bwari nítorí òkúta?" Alàgbà bi Titus. "Ṣé òkúta wọ́n lódò níhìn-ín ni?"

"Òkúta odò kọ́," ni Titus dáhùn. "Ó ti mu omi sínú láti ọjọ́ pípẹ́. Oòrùn lè gbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kò lè gbẹ inú rẹ̀. Bí iná bá mú un dáadáa, omi inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde, kò sì ní rí i. Òkúta á bú ni. Mo mọ ọkùnrin kan ní Finland tí èérún rẹ̀ fọ́ lójú."

Hezekiah wo Fuad. Fuad rọra fún un lọ́wọ́.

"Dákẹ́," ló sọ sí i létí. "Iná ti ń jó láti àárọ̀. Ṣé ó ti bú?"

Hezekiah fẹ́ gba èyí gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, bóyá kò ní sí nǹkan kan. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ojú á tì í níwájú Alàgbà, ìyá rẹ̀ á sunkún, bàbá rẹ̀ ò sì ní gbà á gbọ́ mọ́. Titus ṣí ilẹ̀kùn. Hadassah gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹnu ọ̀nà.

"Dádì, ẹ má wọlé."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Òkúta odò ni," ni Hezekiah wí. "Mi ò dé Bwari. Jabi ni mo lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Hadassah kúrò níbẹ̀."

Titus sáré di Hadassah mú. Ó fa ọmọbìnrin náà sẹ́yìn, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì ní kí gbogbo wọn bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Wọ́n jókòó níbẹ̀. Rachael gbé Hadassah lé itan bí ẹni tí kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Hezekiah tẹ orí ba. Èrò àjèjì kan tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn: bí òkúta náà ò bá wá bú rárá ńkọ́? Á jẹ́ pé òun tú àṣírí ara òun lásán.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ìró kan láti ẹ̀yìnkùlé, gbàù, bí ìgbà tí táyà ọkọ̀ ńlá bá bẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Hadassah figbe ta, ó sì rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

Nígbà tí iná kú tán, tí àdògán sì tutù, Titus àti Bùsàrí wọlé lọ wò ó. Èérún òkúta ti fọ́n ká gbogbo ilẹ̀. Ọ̀kan, tó mú bí abẹ, ti wọ inú pákó ògiri lókè ìjókòó, níbi tí ojú ọmọdé á wà bí ó bá jókòó. Bùsàrí fi ìka kàn án, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Alàgbà, ẹ wá wò ó," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ọlọ́run ló kó wa yọ."

Hezekiah náà wọlé wá wò ó. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sunkún, kì í ṣe ẹkún ìbẹ̀rù mọ́, ẹkún ẹni tí ẹrù wúwo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí rẹ̀ ni. Hadassah wà láàyè, ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ kedere, ó sì ń béèrè bóyá òun ṣì lè bu omi náà lọ́jọ́ mìíràn.

Fuad lè yọ́ lọ lásìkò yẹn, kò sì sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo ní ká ṣa á lódò, sà. Kì í ṣe òun nìkan."

Titus na ọwọ́ sí àwọn méjèèjì. "Ẹ dìde. Ẹ ó jọ tún un ṣe."

Ó gba fóònù Hezekiah, kò sì dá a padà títí wọ́n fi parí ìdánwò ìparí sáà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bá Bùsàrí lọ sí Bwari. Oòrùn pa wọ́n, eruku ọyẹ́ bò wọ́n lójú, èjìká wọn sì bó lábẹ́ àpò òkúta. Sàkáríyà ò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e, nítorí Titus ti kìlọ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n padà délé, wọ́n fọ àdògán, wọ́n gbá èérún kúrò, wọ́n sì bá Bùsàrí pààrọ̀ pákó tó bàjẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ dáná sí òkúta tuntun náà láìsí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Kò sí ìró kankan. Nígbà tó dá Titus lójú tán, ó pe Hezekiah wọlé, àwọn méjèèjì jókòó, ooru sì rọra ń bò wọ́n.

"Dádì, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí mi?"

"Ó dùn mí pé o parọ́ fún mi, ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún rán ẹ níṣẹ́ tí mi ò ní wẹ̀yìn." Titus fi aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n màá sọ èyí fún ẹ. Irọ́ tí o pa ló fẹ́ gba ojú àbúrò rẹ. Òótọ́ tí o sọ ló gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ì bá dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn nítorí ìtìjú."

Hezekiah fẹ̀yìn ti pákó ògiri. Ó mí kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi ní Jabi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ẹni tó bá fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó lè má mọ ẹni tí aburú rẹ̀ máa bá. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti ṣì, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dì yín lẹ́nu. Ìtìjú ọjọ́ kan kì í pa èèyàn, ṣùgbọ́n òtítọ́ tí a fi pamọ́ lè pa ẹni tí a fẹ́ràn jù lọ.