Irin Ọlọ́wọ́ Méjì fún Ọlọ́wọ́ Kan

Ṣọ́ọ̀bù onírin ní ìlú Moncalvo ni mo ti kọ́kọ́ rí Duilio, ẹ̀rín sì ni mo fi pàdé rẹ̀. Ó gbé irin ìdégò dání, èyí tí à ń fi ti kọ́ọ̀kì wọ ẹnu ìgò wáìnì, ó sì dorí rẹ̀ kodò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà o! Orí rẹ̀ lẹ fi ṣe ìdí."

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá ìyá mi fi ọgbà àjàrà sílẹ̀ fún mi, kò fi ọgbọ́n ẹ̀ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?"

"Onígi yìí, òòlù lẹ máa fi gbá a. Tẹ́ ẹ bá ṣì í gbá, ìka yín gbé! Ọlọ́wọ́ méjì yìí, ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á bá yín di ìgò mú. Àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ yìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń di ìgò mú, ọwọ́ kan lẹ máa fi fà á wálẹ̀. Ẹ lè dá a ṣe."

"Ta ló ní mo fẹ́ dá nǹkan ṣe?"

Ẹ gbọ́ ẹnu! Ẹlẹ́sẹ̀ ló rà lọ́jọ́ náà. Kí ìkórè tó dé, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé pólẹ́ńtà, oúnjẹ àgbàdo wa, ń jóná mọ́ mi lórí iná.

Bàbá mi, Evasio, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. "Nives, ọmọ àwọn olóko ìrẹsì ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún? Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Kí ló mọ̀ nípa wáìnì?" Èmi náà sì ti sọ fún Duilio pé bí Bàbá ò bá yọ̀ǹda, mi ò ní tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo fẹ́ràn bàbá mi.

Lásìkò òtútù, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú tán.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún, òṣùpá ti ń tán lọ. Kí oṣù tuntun tó lé la gbọ́dọ̀ rọ Barbera, wáìnì pupa wa, sínú ìgò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa hó. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń dé ìgò ló ni ilé. Bàbá ò jẹ́ kí èmi tàbí Màmá fọwọ́ kàn án. Ó ń fi ọwọ́ òsì gbá onígi rẹ̀ àtijọ́ lóòlù, ìgò ń fọ́, wáìnì ń ṣàn lórí ilẹ̀ yàrá abẹ́ ilé. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á jágbe mọ́ mi.

Àárín wàhálà yìí ni Duilio wọlé, tòun ti irin ìdégò tuntun lábẹ́ apá. Ọlọ́wọ́ méjì!

Bàbá wò ó, ojú rẹ̀ pọ́n. "O rí i pé ọwọ́ mi kan ti kú, o wá ra ọlọ́wọ́ méjì fún mi. Ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé mi ni?"

"Duilio, ṣé mi ò kọ́ ẹ ni?" Omi ti ń bọ́ lójú mi. "Ẹlẹ́sẹ̀ lo ò bá rà! Bàbá ì bá dá a ṣe!"

"Mo mọ̀, ọkàn mi. Ìdí tí mi ò fi rà á nìyẹn." Ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. "Bàbá, ọwọ́ méjèèjì, tèmi ni. Orúnkún yín àti ọwọ́ yín tó kù ni mo ń bẹ̀ yín fún. Ẹ bá mi di ìgò mú. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tí màá tẹ̀ ẹ́."

"Bó bá fọ́, itan mi ni yóò gé."

"Mo mọ̀, sà."

Bàbá jókòó sórí àpótí, ó rọ wáìnì sínú ìgò kan, ó fi orúnkún há a, ó sì di ọrùn rẹ̀ mú. "Tẹ̀ ẹ́."

Mo wo ìgò náà. Ó kún dé ẹnu! Kò sí àyè kankan lábẹ́ kọ́ọ̀kì; bí Duilio bá tẹ̀ ẹ́, yóò bẹ́. Bàbá mọ̀. Itan ara rẹ̀ ló fi ń dán ọmọ ọlọ́mọ wò. Mo fẹ́ kígbe, Màmá gbá mi lẹ́nu mú. Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá ò ní yọ̀ǹda mọ́ láé.

Duilio gbé irin lé e. Ó fi kọ́ọ̀kì sí i. Ó di ọwọ́ irin méjèèjì mú, èjìká rẹ̀ le. Mo dijú.

"Bàbá, ó kún jù."

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́, sà. Ẹ máa bínú sí mi, ó sàn ju kí n ṣe yín léṣe."

Ó gbé irin kúrò, ó da díẹ̀ sínú ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàbá. Bàbá mu ún. Ó pẹ́ kó tó gbé ife sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún ìgò náà há sáàárín orúnkún.

"Tẹ̀ ẹ́ báyìí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Kọ́ọ̀kì rọra wọlé, ó bá ẹnu ìgò dọ́gba. Bàbá fi àtàńpàkò ra orí rẹ̀, ó tún ra á.

"Ẹ̀yìn ìkórè ni kí ẹ ṣègbéyàwó," ó ní, kò gbójú sókè. "Kì í ṣe ṣáájú."

Mo bú sẹ́kún. Duilio la ẹnu láti dúpẹ́, Bàbá sì dá a dúró.

"Panu mọ́ jàre. Òṣùpá ń tán lọ. Gbé òmíràn wá."