Aṣọ Akọrin Monínúọlá

"Ẹ wo ìyá àgbà yẹn! Nínú oòrùn yìí, kò wọ bàtà!"

Olúwabùsáyọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ akọrin yíjú sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, Monínúọlá náà sì wò. Yèyé Mùínátù, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló ń bọ̀. Ó wọ hìjáábù, ó sì gbé aṣọ akọrin tí Monínúọlá gbàgbé sílé sórí apá méjèèjì bí ẹni gbé ìkókó.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti ń wá ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀. Ó ti bá Yèyé kírun ní Òkè-Ìlá. Ó ti bá ìyá rẹ̀ wọ sùtánà lọ sí ìjọ Àládùúrà, láìwọ bàtà. Ibi méjèèjì dára, àmọ́ ó ń ṣe é bí àlejò. Ọjọ́ tí Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú un wá sí ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì yìí, tó gbọ́ orin wọn, ńṣe ló bú sẹ́kún. Ó ní òun ti délé. Kí wọ́n má baà fojú àjèjì wo òun, ó sọ fún wọn pé kò sí Mùsùlùmí kankan nílé àwọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

"Ṣé o mọ̀ wọ́n ni?" Olúwabùsáyọ̀ bi í.

"Ẹni tó ń bá wa fọṣọ ni."

Yèyé gbọ́. Ó na aṣọ náà sí ọmọ ọmọ rẹ̀. "Aṣọ yín rèé o," ó sì yí padà.

Monínúọlá wọ aṣọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Bí wọ́n ṣe ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó sáré délé. Ó bá Yèyé tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù, ààwẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dà títì ti bó o lẹ́sẹ̀.

"Yèyé, kí ló dé tí ẹ ò wọ bàtà?"

"Ìyá rẹ kì í wọ bàtà bó bá ti kan sùtánà rẹ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni tìrẹ. Mi ò sì gun ọ̀kadà, kí eruku má baà bà á jẹ́."

Monínúọlá wólẹ̀. "Ẹ dárí jì mí. Mo sẹ́ yín."

"Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Bí Ọlọ́run bá pè ọ́ síbẹ̀, máa lọ, ọmọ mi. Àmọ́ ulé tó jẹ́ pé o ní láti sẹ́ èèyàn rẹ kí o tó wọ̀ ọ́, ìta rẹ̀ lo ṣì wà." Yèyé fà á mọ́ra.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Monínúọlá dìde níwájú ẹgbẹ́ akọrin. "Ìyá tó gbé aṣọ mi wá, ìyá mi àgbà ni. Mùsùlùmí ni wọ́n. Irọ́ ni mo pa."

Olúwabùsáyọ̀ wolẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, olórí akọrin, gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. "O ṣeun tí o sòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ jókòó láàárín ìjọ títí oṣù yìí yóò fi parí."

Ojú tì í, ó sì lọ jókòó. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga, ó fẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, ó sì gbé e. Ohùn rẹ̀ jáde ketekete. Ilé Ọlọ́run kò ṣòro í rí. Ẹni tó bá fi irọ́ wọlé ni kì í rí àyè jókòó níbẹ̀.