Ọkọ̀ Tí Wọ́n So Àkísà Pupa Mọ́

Gbàù! Gbàù!

Gíláàsì ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóònù fọ́ yángá-yángá lọ́sàn-án gangan. Àpáta, ọ̀gá àwọn ọlọ́ṣà, já sínú ọkọ̀ tòun ti àpò ẹrù.

"Ẹsẹ̀-Iná, tẹ̀ ẹ́!"

Ẹsẹ̀-Iná tẹ̀ ẹ́. Fùùùù!

Kò wù ú. Ó ti fi ẹgbẹ́ ọlọ́ṣà náà sílẹ̀, ó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Bíréèkì ọkọ̀ yìí gan-an ló ń tún ṣe láàárọ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín, olórí ọdẹ àdúgbò, yarí: "Olè ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi! Bí kò bá kúrò, kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ wá síbí mọ́." Gbogbo àdúgbò ní àmín. Tomijé-tomijé ni ọ̀gá rẹ̀ fi ní kó máa lọ.

Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ náà ni Àpáta ti fìbọn pàdé rẹ̀, tó tì í sínú ọkọ̀ náà. Àkísà pupa wà lára sítíárìn.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò ní..."

"Panu ẹ dé! Àbí o rò pé wọ́n fẹ́ràn ẹ níbí?" Àpáta já àkísà náà, ó fi nu ìbọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ẹsẹ̀-Iná, torí òótọ́ ni. Jíà ló fi dá ọkọ̀ dúró nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù fóònù.

Àmọ́ ní báyìí, àwọn ọdẹ ti ń lé wọn bọ̀. Gbàù!

Àpáta fọwọ́ lu ìfúnpá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọta wọn ò ràn mí!"

Ọ̀gá mẹkáníìkì yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ àwọn ọdẹ. "Ọkọ̀ yẹn ò ní bíréèkì o!"

Kọ́nà dé. Èrò kún ibẹ̀. Eré ti kọjá agbára jíà. Ẹsẹ̀-Iná yí sítíárìn sí òkìtì yanrìn.

Gbàgà!

Ìfúnpá mọ̀ nípa ọta, kò mọ̀ nípa bíréèkì. Apá tí Àpáta so ó mọ́ náà ló kán.

Olórí ọdẹ na ìbọn sí Ẹsẹ̀-Iná. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Olè ò lè yí padà!"

Ọ̀gá mẹkáníìkì ti ẹnu ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ọkọ̀ tí ò ní bíréèkì, àkísà là ń so mọ́ ọn, ká sì tún un ṣe. A kì í tì í sójú títì! Ọlọ́run ní kí olè má jalè mọ́, kó ṣiṣẹ́. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà sì gbà fún yín!"

Síbẹ̀, àwọn ọdẹ de Ẹsẹ̀-Iná pọ̀ mọ́ Àpáta.

"Baba," ni Ẹsẹ̀-Iná ké bí wọ́n ṣe ń kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, "irinṣẹ́ mi ńkọ́?"

"Mo máa tọ́jú ẹ̀ dè ọ́, ọmọ mi."

Baba náà he àkísà pupa nínú yanrìn, ó gbé e lé olórí ọdẹ lọ́wọ́.

"Ó yá, ta ló máa wá parí bíréèkì ẹ?"